Nọ́ńbà Ẹnìkejì

Ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Zone 4, ní ìlú Abidjan, ló gba Adélànà sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ní, ètò Linux ni gbogbo wọn ń lò, wọ́n sì gbára lé ọ̀kan ńlá tí wọ́n ń pè ní sẹ́fà. Adélànà gbé olùṣọ́ kalẹ̀ láàárín wọn: ètò kan tí yóò máa kí kọ̀ọ̀kan wọn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Bí ọ̀kan kò bá dáhùn, olùṣọ́ á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ké sí Adélànà lórí fóònù.

Ó ku ibì kan. Ètò náà fẹ́ nọ́ńbà ẹnìkejì, ẹni tí yóò ké sí bí Adélànà kò bá jẹ́ ìpè. Hàbíbà, ọ̀gá rẹ̀, ti kìlọ̀ pé kí ẹ̀rọ kankan má pe òun. Ta ló kù? Ènìyàn laṣọ, ṣùgbọ́n ìhòòhò ni Adélànà ń rìn kiri Abidjan láti oṣù méje. Ẹjọ́ ara rẹ̀ sì ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá dé ìlú yìí, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wọn ní Treichville ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ kí, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Òun kò lọ. Ó ní wọn á ṣáà máa bi òun léèrè ìyàwó. Ọ̀gbẹ́ni bá fi nọ́ńbà síìmù rẹ̀ kejì síbẹ̀, inú fóònù kan náà!

Ibà dá a dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, nínú yàrá tó háyà ní Biétry. Fóònù kú, kò sì lókun láti dìde wá ṣájà. Ọjọ́ méjì ló fi ń tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kú síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Lọ́jọ́rú, wọ́n kanlẹ̀kùn. Hàbíbà ni. Omi bọ́ lójú Adélànà.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá wò mí, mà."

"Sẹ́fà ti kú depuis hier, láti àná. Mot de passe ẹ̀ ńkọ́?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà fún un. Hàbíbà tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

"Yako, hein. Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á fún ẹ ní àláfíà. Takísì ń dúró dè mí."

Nígbà tó lọ tán, Adélànà wọ́ dé ìdí ṣájà, ó tan fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, ọkàn rẹ̀ sì fò fáyọ̀: wọ́n ti ń wá mi! Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Sẹ́fà kò dáhùn. Sẹ́fà kò dáhùn. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni olùṣọ́ ti ń pè é, lọ́sàn-án, lóru, kò sinmi. Òun nìkan ló wá Adélànà.