Bàtà Tí Òkúta Ń Wọ̀ Sùn

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ń jẹun kó rọra máa jẹ ẹ́, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbọ́ láàbọ̀.

Obìnrin kan wà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní yunifásítì. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wádìí àwọn ọmọ tójú wọn ti rí màbo, kó lè mọ ìdí tí àwọn kan fi ń ṣubú síbẹ̀ tí àwọn kan sì ń dìde, tí wọ́n ń gbọn eruku nù. Ó ṣe é títí irun ẹ̀ fi funfun. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi bẹ̀rẹ̀, tó pè ní Òkúta. Òkúta pàdánù bàbá àti ìyá lọ́jọ́ kan náà, wọ́n kó o lọ sílé ẹbí, kò sunkún rárá. Ó ń jẹun, ó ń fọ abọ́, ó sì ń wọ bàtà pupa ẹ̀ sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ayọ̀ bàtà yẹn ló gbé e ró. Ó dá a lójú bí àdá.

Látìgbà náà, ọmọ yòówù tó bá wọ ọ́fíìsì wọn, bàtà ayọ̀ tiẹ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ kọ́kọ́ ń wá. Ọmọ tó bá di ike omi mú, bàtà ayọ̀ nìyẹn. Ọmọ tó bá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n á ní òun náà ti rí tiẹ̀.

Ó wá ku ọ̀la kí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìdágbére, kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ya bàtà pupa sára kọ́ọ̀bù, wọ́n yà á sára àpò. Olórí ẹ̀ka wọn ra táì tó ní bàtà lára.

Àbúrò Ọ̀jọ̀gbọ́n, dókítà eyín, wá bá a ṣàlejò. Ẹnu àwọn èèyàn tó ń tọ́jú ò jẹ́ kó ráyè ka ìwé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ dánra wò. Àbúrò jókòó, ó ń jẹ bisikíìtì. Nígbà tọ́rọ̀ dé orí bàtà, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni Òkúta?"

"Ọmọ kan ni."

"Ọmọ tí bàtà ẹ̀ já, tẹ́ ẹ bá a fi okùn so ó?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo òkè àjà. "Mo ṣáà yí orúkọ ẹ padà."

"Ẹ ṣeun. Nínú gbogbo orúkọ, Òkúta lẹ rí? Ẹ ò rí Dáyámọ́ńdì?"

"Má bínú jàre."

"Inú ò bí mi. Ṣùgbọ́n ta ló ní mo fẹ́ràn bàtà yẹn? Ó ń há mi lẹ́sẹ̀."

"Kí ló wá dé tó o fi ń wọ̀ ọ́ sùn?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé tí mo bá sunkún, wọ́n á pín wa sílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo gbé ẹkún mì. Mo wá ń wọ bàtà sùn, pé tí wọ́n bá ń gbé yín lọ, kí n lè sáré tẹ̀ lé mọ́tò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó. Orí bisikíìtì ló jókòó lé.

"Ẹ lè má sọ òótọ́ yìí lọ́la o," àbúrò ní. "Wọ́n ti ya bàtà sára kọ́ọ̀bù."

"Ṣé wàá ṣì wá?"

"Iwájú ni màá jókòó sí."

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwòrán bàtà yọ lára ògiri, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bàtà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àbúrò ẹ̀. Ojú ẹ̀ gbẹ, bó ṣe máa ń gbẹ nígbà yẹn. Àmọ́ ó ti bọ́ bàtà sábẹ́ àga, ó ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bóyá ó ń há a ni, ta ló mọ̀.

"Ọmọ yìí ò fẹ́ràn bàtà," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Ó fẹ́ sáré ni. Inú yàrá kan náà la jọ ń sùn, mi ò bi í. Gbogbo ọmọ tá a ti sọ pé ara wọn ti yá, ẹ jẹ́ ká padà lọ bi wọ́n."

Olórí ẹ̀ka rọra fọwọ́ bo táì ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ká lẹ́yin ni, tí kọ́ọ̀bù ti wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ṣé ẹ̀ bá sọ ọ́, àbí ẹ̀ bá mumi yín kẹ́ ẹ dákẹ́?