Bàbá Mi Lórí Tuítà

Èmi kì í fọkàn tán ẹni tó bá ń dá rẹ́rìn-ín sí fóònù. Lọ́jọ́ tí Wùnmí, oníbàárà mi, wá ra ọ̀bọ̀kún lọ́jà wa ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó rí ẹja tí mo nà sí i. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní obìnrin kan ni lórí Tuítà, tí kì í kọ ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, tó máa ń sọ̀rọ̀ bàbá ọkọ rẹ̀ tí ọjọ́ orí ti sọ di onígbàgbé. Ó kà á sí mi létí: "Bàbá tún ti tú nẹ́ẹ̀tì fèrèsé lónìí. Wọ́n ní ẹja ńlá ló fà á ya. Wọ́n ti jókòó, wọ́n ń tún un ṣe."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí n tó panu dé, ó ti ka èyí tó tẹ̀ lé e: "Wọ́n ń béèrè Arẹ́rìn-íntajà. Mo ní ó ń bọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ẹnu kan ṣoṣo ló ń pè mí ní Arẹ́rìn-íntajà láyé yìí. Muslimah, ìyàwó Múdàṣírù ẹ̀gbọ́n mi, ló sọ mí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tí a gbé e wọlé, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ àbísọ, bó ti wù kó kéré tó. Orúkọ tó fi bọ̀wọ̀ fún mi ló wá gbé síta gbangba yìí.

Bàbá mi! Ọkùnrin tí àwọn apẹja máa ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ọ̀sà ṣeé wọ̀, òun ni àwọn ẹni ẹlẹ́ni fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ìyàwó wa sì ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá júwe tiwa. Kí ló ń rí níbẹ̀? Ẹni tó bá ń ṣoore, ṣé ó gbọ́dọ̀ máa polówó rẹ̀ ni? Mo fura pé ìyìn ló ń wá, kí àwọn èèyàn lè máa kí i kú iṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi Lateefat, tó ń bá mi tajà, sí ìdí àtẹ. Mo ní n óò dé kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì. Báàgì Gánà-mọ́ọ̀sì-gò tó ṣófo ni mo gbé dání. Ẹ̀wù bàbá mi ni mo fẹ́ kó sínú rẹ̀, kí n mú òun fúnra rẹ̀ padà sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Mo sọ̀ ní Itamaga, mo wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹ̀sítéètì Múdàṣírù lọ́nà Ìgbògbò, níbi tí Bàbá ń gbé. Múdàṣírù ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti ìdájí, bó ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó kúnlẹ̀ kí mi.

"Arẹ́rìn-íntajà, ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ ò tiẹ̀ pè kí n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

Ìyẹn gan-an ni mi ò fi pè. Mo gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo kọjá lára rẹ̀. Bàbá jókòó sí pálọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ta kókó sí i.

"Ẹ káàbọ̀ o, Alhaja," ó ní. "Ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà?"

"Bàbá, Rodiat ni."

"Rodiat wà lọ́jà. Ó ń bọ̀."

Ó dùn mí wọ eegun. Mo yíjú sí ìyàwó. "Gbé fóònù rẹ wá."

Kò jiyàn. Ó ṣí i, ó nà án sí mi. Mo ti múra ìbínú sílẹ̀, àmọ́ ohun tí mo ń kà kò jọ ẹ̀fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Wọ́n pe orúkọ mi láàárọ̀ yìí. Muslimah. Gbogbo ẹ̀ pátá." Mo sún un sókè. "Wọ́n ń pariwo pé omi ti wọ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?" Ẹnì kan dá a lóhùn lábẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí: "Má bá wọn jiyàn. Bá wọn gbọ́n omi náà." Èyí tó tẹ̀ lé e ni: "Mo gbé abọ́ méjì wá, a jọ gbọ́n ọn. Wọ́n ti sùn."

Mi ò fẹ́ kó rí ojú mi. Mo tún wá ohun tí n óò fi mú un, mo sì rí i. Gbogbo ẹni tó bá yìn ín ló ń dá lóhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé o rí i? Ìyìn lò ń jẹ."

"Ó máa ń dùn mọ́ mi, mà, mi ò ní purọ́. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi àti Bàbá nìkan la máa ń wà níbí. Bọ̀ọ̀dá á wọlé, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Mo pè yín lọ́jọ́ tí omi wọ ọkọ̀ yẹn. Ẹ ò gbé e."

"Mo wà lọ́jà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ fún Bàbá."

"Kí ló dé tó o fi dárúkọ mi síbẹ̀?"

"Mi ò dárúkọ yín, mà. Ta ló mọ Arẹ́rìn-íntajà?"

"Èmi," mo ní, mo sì ń kà á lọ. "Arẹ́rìn-íntajà ò tíì wá láti Iléyá. Bàbá ń bu ẹja tirẹ̀ sọ́tọ̀." Èébú pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ju ohun tí mo lè kà tán lọ. Irú ọmọ wo nìyẹn? Ṣé wọ́n bí i ni àbí wọ́n rí i he? Ìyàwó ti kọ ọ́ sáàárín wọn pé: "Ẹ má bú u. Ó ń ṣiṣẹ́."

Ara mi gbóná. Ìtìjú ni, ìbínú ni, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. "Kọ ọ́ pé mo ti dé. Kọ ọ́ pé mo ń mú bàbá mi lọ sílé."

"Ta ni yóò máa ṣọ́ wọn tí ẹ bá wà lọ́jà, mà?"

"Ó dáa, kọ ti pé mo dé."

Mo na fóònù sí i, ó kọ ọ́: "Arẹ́rìn-íntajà ti dé." Mo tún gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń wò ó. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Alhamdulillahi! Ọmọ rere! Inú wa mà dùn o! Ó dùn mọ́ mi débi pé mo rẹ́rìn-ín, èmi tí n kò tíì fọwọ́ kan bàbá mi láti ìgbà tí mo ti wọlé. Ẹnì kan wá kọ tirẹ̀: "Ṣé yóò sùn síbẹ̀, àbí ó kàn wá kí a lè yìn ín ni?"

"Ta nìyí?" Mo fi hàn án.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

Mo wo báàgì tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, mo di etí kejì nẹ́ẹ̀tì náà mú fún un, bí mo ti máa ń ṣe ní kékeré. Kò gbójú sókè.

"Fà á le," ó ní.

Mo fà á le. Mo fi ọwọ́ kejì pe Lateefat pé kó palẹ̀ ọjà mọ́, pé mi ò bọ̀ lónìí, bóyá mi ò ní bọ̀ lọ́la náà. Ìyàwó gbọ́. Ó ti gba fóònù rẹ̀ padà, ìka rẹ̀ sì ti wà lórí rẹ̀.

"Má kọ ìyẹn," mo ní.