Ìwé Ilẹ̀ Nínú Fíríìsà Bikulal

"Má ṣí i! Rasmila, mo ní o ò gbọdọ̀ ṣí i!"

Ohùn Dilrukshi ló bú jáde nínú fóònù láti Galle ní Siri Lánkà, bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ wà. Rasmila Sthapit yọwọ́ kúrò lára fáìlì tútù náà kíá. Ẹrẹ̀ odò Nakkhu tó ya wọ ibi iṣẹ́ wọn ṣì ń kán tó tó tó láti etí fáìlì sórí bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lọ sá wọn sórí òrùlé ni. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù wá."

"Áyọ́ọ̀nù! Ṣé ṣòkòtò ni? Ìwé tó ti mumi yó báyẹn, bí o bá ṣí i, jíjá ni yóò máa já. Bí o bá sì sá a sóòrùn, á lẹ̀ mọ́ra wọn títí ayé. Bó ṣe wà yẹn ni kó o ṣe fi ọ̀rá wé e, kó o lọ gbé e sínú yìnyín. Bó bá fi dọ̀la tí kò tíì débẹ̀, á ti máa bu."

"Ìwé? Nínú yìnyín?"

"Nígbà tí òkun wọlé tọ̀ wá, yàrá yìnyín àwọn apẹja la kó tiwa sí. Yìnyín ò ní wò ó sàn o, àmọ́ kò ní jẹ́ kó kú. Tó bá yá, ẹ ó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa gbẹ ẹ́ bí agbára yín bá ṣe mọ."

Ibi ìpàdé àwọn olùtọ́jú ìwé àtijọ́ ni àwọn méjèèjì ti pàdé, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wátsáàpù pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ mìíràn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tí wàhálà bá dé bá kó pariwo, ẹni tí kò bá tíì sùn kó dáhùn. Batbayar ará Mongólíà ti dáhùn kí Dilrukshi tó pè. "Ìta gbangba la máa ń gbé tiwa sí nígbà òtútù," ló kọ. "Ẹ kó wọn máa bọ̀."

Rasmila ò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ti di omi pọ̀ ju ọkà lọ. Ìwé ilẹ̀ gbogbo àdúgbò ló wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí omi ya wọ̀ yẹn, àwọn tí ìmìtìtì ilẹ̀ wólé wọn ṣì ń wá tọrọ rẹ̀ kí wọ́n lè tún ilé kọ́. Bí ìwé bá bu, ẹni tí ilé rẹ̀ wó á tún pàdánù ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé.

Ta ló ní fíríìsà ńlá ní gbogbo ìlú Patan tó súnmọ́ wọn? Bikulal Khadgi ni, alápatà tó ń ta ẹran ẹfọ̀n ní oríta Nakkhu.

"Ìwé? Nínú fíríìsà mi?" Bàbá àgbàlagbà náà fi àkísà nu ọ̀bẹ. "Ọmọ Sthapit, àbí òjò yìí ti wọ̀ yín lágbárí ni?"

Rasmila ṣàlàyé fún un. Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣé ti bàbá mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ọjọ́ tó lọ gbà á, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Alápatà ò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ ọ́fíìsì wọn, aláìmọ́ ni wọ́n kà wá sí. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti jù ú sí i." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Thulimaya! Ké sí àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá kó ẹran lọ. Ká fọ fíríìsà yìí."

Ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ ni ọ̀gá Rasmila, Ọ̀gbẹ́ni Adhikari, bá wọn. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ojú rẹ̀ le koko.

"Rasmila, ṣé orí ẹ pé? Ìwé ilẹ̀ tẹ́ńpìlì wà nínú wọn! Kó lọ sùn síbi tí ẹran ẹfọ̀n sùn? Bikulal, ìwọ náà ò lè bá a sòótọ́ ọ̀rọ̀?"

Bikulal tó tó bí i lọ́mọ ló ń pè ní ìwọ yẹn. Bàbá kàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Thulimaya ni kò lè pa á mọ́ra.

"Ọ̀gá, ṣebí ẹran ẹfọ̀n yìí náà ló wà nínú mómó oníyẹ̀fun tí dírẹ́bà yín ń wá rà fún yín, tẹ́ ẹ ní ká fi ìwé ìròyìn wé e kí ẹnikẹ́ni má rí i?"

Àwọn tó ń gbé ẹran bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá," Rasmila yára gba ọ̀rọ̀ sọ, "ti tẹ́ńpìlì ò nílò yìnyín. Èèpo igi òkè ni wọ́n fi ṣe ìwé yẹn, dúdú èéfín ni wọ́n fi kọ ọ́. Okùn la máa fà nínú yàrá, a ó sá a síbẹ̀, á gbẹ."

"Ìwé tí kò bẹ̀rù omi?" Dilrukshi pariwo nínú fóònù tí Rasmila ò tíì pa, tó wà lápò rẹ̀. "Fi hàn mí! Ṣé dúdú èéfín yẹn kì í ṣàn dànù? Kòkòrò ńkọ́, ṣé ó ń jẹ ẹ́?"

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Mo ń bọ̀ wá fi hàn yín."

Ọ̀gá wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ó dáa. Ẹ kó ìyókù wá. Ṣùgbọ́n tó o bá ń kọ ibi tí wọ́n wà, 'yàrá yìnyín' ni kó o kọ. Ó tó bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni mọ yàrá yìnyín ta ni."

Bikulal gbọ́. Ó rọra gbé garawa omi rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Wọ́n kó ìwé títí fíríìsà fi kún. Ó wá ku káàdì tí wọn yóò so mọ́ ọn. Nínú iṣẹ́ wọn, ìwé tó bá sùn síta, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ibi tó sùn sí, káàdì yẹn ni yóò sì máa bá a kiri láéláé. Rasmila di bírò mú, kò kọ nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú fóònù, "kí lẹ kọ sára tiyín?"

"Orúkọ apẹja náà. Àwọn àpótí wa ṣì ń rùn bí ẹja títí dòní. Ẹni tó bá ń tọ́jú wọn lẹ́yìn mi gbọ́dọ̀ mọ ìdí ẹ̀. Kí ló dé?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n."

Bikulal ti padà dé. "Má tìtorí mi bá ọ̀gá ẹ jà o, ọmọ mi," ló sọ, kò wo ojú rẹ̀.

Rasmila tẹ̀ ba káàdì, ó kọ ọ́. Ọ̀gá na ọrùn kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìwọ lo máa dáhùn o, bí wọ́n bá bi wá."

"Èmi ni, ọ̀gá."

Ó so káàdì náà mọ́ ọ̀rá ìwé tó wà lókè nínú fíríìsà. Bikulal tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Thulimaya tí kò mọ̀wé fi ìgbúnwọ́ gún un.

"Kí ló kọ síbẹ̀?"

"'Fíríìsà Bikulal Khadgi, alápatà, oríta Nakkhu.'"

Thulimaya nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó súnmọ́ káàdì náà.

"Tún un kà."