Àwàdà Tí Kò Pa Ìyàwó Mi Lẹ́rìn-ín

Ta ló sọ fún ìyàwó mi?

Kì í ṣe èmi. Èmi gan-an ò mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ètò yẹn títí a fi dé yàrá ìmúra yìí. Olóòtú ètò kàn já wọlé, ó fi ìwé síwájú mi, ó ní, "Bàbá wa, ẹ̀yin lẹ máa kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ lọ́sàn-án yìí," ó sì bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi wà ní òdìkejì tábìlì, ó ń bá mi rán bọ́tìnnì kan mọ́ ẹ̀wù. Ó gé òwú. Kò tilẹ̀ wò mí lójú. "Bàbá ọmọ mi, wọ́n tún fi àwàdà ìwé ìròyìn yẹn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò ó lónìí."

Ẹ fò ó… Láti ogójì ọdún tí mo ti ń pa ayé lẹ́rìn-ín, kò bẹ̀ mí rí lórí iṣẹ́ mi. Kí ni mo sì fi dá a lóhùn? "A máa wò ó." Bí ẹni ń dá àlejò lóhùn! Ó wọ ẹ̀wù fún mi, ó lọ jókòó sí ìlà iwájú nínú gbọ̀ngàn.

Kí n fò ó kẹ̀? Àwàdà yẹn ló sọ mí dèèyàn. Ká má tan ara wa, òun ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pe gbogbo èèyàn jọ láti yẹ́ mi sí. Bó ṣe lọ nìyí: mo wọlé, mo bá ìyàwó mi, òun tí kò jókòó ní kíláàsì kankan rí, ó gbé ìwé ìròyìn dání, ó dorí ẹ̀ kodò. Mo ní, kí ni wọ́n wí? Ó ní, ayé ti bàjẹ́. Mo ní, báwo ni ò ṣe ní í bàjẹ́, nígbà tí gbogbo mọ́tò inú ẹ̀ ń fi òrùlé rìn! Gbọ̀ngàn á dà rú. Kò já mi kulẹ̀ rí.

Òun náà ni wọ́n fi ń pe ìyàwó mi lójú títì. "Ìyàwó Doríkodò, kí ni wọ́n wí lónìí?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ayé ti bàjẹ́." Á rẹ́rìn-ín… àbí eyín ló kàn ń fi hàn wọ́n? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ilé ìdáná ni mo ti ń dán gbogbo àwàdà mi wò. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo ju àwàdà ọ̀hún nù, torí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Ológbò sín lásán, á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, mo mọ̀ pé èyí mú. Mo tiẹ̀ fi kọ́ àwọn aláwàdà tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi: ohun tí kò bá pa aya yín lẹ́rìn-ín ni kí ẹ gbé jáde. Ọjọ́ tí mo sọ ti ìwé ìròyìn, ọ̀bẹ dúró lórí àlùbọ́sà. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo pàtẹ́wọ́. Àní mo jó!

Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un lónìí? Ọmọ wa obìnrin? Ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó kun ojú mi? Ó ti lọ kí ìwé tó dé. Àwa méjèèjì péré ni, ilẹ̀kùn wà ní títì… Èmi ni ìwé kọjú sí. Níbi tó jókòó sí, gbogbo lẹ́tà orí ẹ̀ ń nasẹ̀ sókè—

Dúró ná.

Yàrá kan tá a kọ́kọ́ gbé. Tábìlì kan, àga méjì tó kọjú síra wọn. Àràárọ̀ ni mò ń ka ìwé ìròyìn sókè kí ahọ́n mi lè já geere, mò ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta gbáko. Á jókòó síwájú mi, kò ní í gbin. Mo rò pé èmi ló ń wò, pé ìfẹ́ ni… Ìka mi ló ń wò.

Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkà, láti òdìkejì tábìlì. Bí lẹ́tà ṣe rí lójú ẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ń yí i. Ọjọ́ tí mo wọlé bá a tòun ti ìwé ìròyìn… "ayé ti bàjẹ́" kọ́ ló sọ. Èmi ni mo fi ìyẹn rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹ̀, torí ohun tó sọ kò pani lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Afárá kan wó, ó pa èèyàn mẹ́fà." Ó gbójú sókè, ojú ẹ̀ ń dán, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. Afárá sì ti wó lóòótọ́. Mo rò pé rédíò aládùúgbò ló ti gbọ́ ọ. Mo gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, mo yí i, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi mọ̀wé kà. Ó kà á fún mi, mo sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́, kò sì tún fọwọ́ kan ìwé ìròyìn níṣojú mi mọ́. Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí gan-an.

Kí ló tún ti kà? Orí tábìlì yẹn ni mo ti ń kọ àwàdà mi sílẹ̀, òun níwájú mi. Èyí tí mo kọ nípa ìyá ẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ín… Èyí tí mo kọ nípa àwọn ọdún tá a fi ń wá ọmọ… Ó ti ka gbogbo wọn kí n tó tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná. Ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu mi. Ó kàn ń dúró ni, kó mọ̀ bóyá mo máa sọ ọ́.

Mo sì ń sọ ọ́.

Wọ́n ti ń pè mí. Àtẹ́wọ́ ń dún, àwọn kan ti ń kígbe, "Doríkodò! Doríkodò!" Mo dìde, mo fa aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun nìyẹn ní ìlà iwájú. Ó káwọ́ lé itan, ó dákẹ́, ó ń dúró.