Àyẹ̀wò Tí Tiwaladé Kò Ṣe

"Ẹ gbà á, Dókítà. Méjì péré ló lò níbẹ̀. Ẹ fi èyí tó kù fún ẹlòmíràn."

Tiwaladé wo páálí oògùn ọgbẹ́ inú tí Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá gbé sórí tábìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ fún Ruth, ìyàwó ọkùnrin náà, lọ́sàn-án àná.

"Ṣé ara wọn ti yá ni?"

"Ó ti kú. Ó ń fọ abọ́ ní ìdájí, ló bá di àyà mú, ó ṣubú. Kí a tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́." Kò pariwo, kò bú u. "Ẹ ṣé tí ẹ gbìyànjú." Ó sì jáde lọ.

Tiwaladé ṣí fáìlì Ruth. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí tó ń tọ́jú àwọn ìdílé ní kílíníìkì kékeré yìí ní Sabon Gari. Ruth ní àyà ń jó òun. Ó ń làágùn. Ṣùgbọ́n èrò tó wà níta lánàá lé ní ogójì. Tiwaladé ò wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn. Ó kọ oògùn, ó pe ẹni tó kàn.

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Nọ́ọ̀sì Hàlímọ̀ kàn án títí, kò dáhùn. Ló bá pe Dókítà Olújìmí lórí fóònù.

"Haba, sà, ẹ tètè máa bọ̀. Dókítà ti ti ara wọn mọ́lé."

Dókítà Olújìmí ti lé ní ọgọ́ta ọdún; àdúgbò Noman's Land ni kílíníìkì tirẹ̀ wà. Òun àti Dókítà Evelyn, tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́, ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí àwọn dókítà ìdílé, àgbà àti ọmọdé, fi ń gbé ara wọn ró. Àwọn méjèèjì jọ dé.

"Mo pa ènìyàn, sà," ni Tiwaladé wí nígbà tó ṣílẹ̀kùn. "Mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Evelyn dì mọ́ ọn. "Má sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe—"

"Jẹ́ kó sọ ọ́," ni Olújìmí wí. "Kí lo ṣe? Kí ni o kò ṣe?"

Ó sọ ọ́ tán. Olújìmí bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹni tó kú lọ́wọ́ tèmi, ní Fagge. Mo ní ibà ni. Mi ò yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ọrùn náà sì ti le gan-an, àmì pé kì í ṣe ibà. Nígbà tó kú, mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹnu Evelyn là sílẹ̀. "Ẹ̀yin? Ọdún mọ́kànlá la ti ń kó àṣìṣe tiwa wá bá yín, sà. Ẹ ò sọ èyí rí!"

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi gan-an ò mọ̀. Mo rò pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní fọkàn tán mi mọ́."

Tiwaladé gbàgbé ẹkún tirẹ̀. Ó di ọwọ́ àgbà náà mú.

"Ǹjẹ́ ẹ padà lọ bá ìyá náà, sà?"

"Ìgbà tí mo máa wá a lọ, wọ́n ti kó kúrò."

Tiwaladé dìde. "Gwagwarwa ni Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá ń gbé. Mo fẹ́ lọ sọ òótọ́ fún un."

"Ó lè fi ẹjọ́ rẹ sùn," ni Evelyn wí. "Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Mo mọ̀, mà."

Evelyn jókòó sórí àga Tiwaladé. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa lọ. Màá dá àwọn tó wà níta lóhùn."

Ẹkún àwọn obìnrin ń ti inú ilé jáde nígbà tí Àlàbá ṣílẹ̀kùn. Tiwaladé kúnlẹ̀ lórí yanrìn.

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọpẹ́ yẹn ò tọ́ sí mi. Àyà ń dun ìyàwó yín, mo ní ọgbẹ́ inú ni. Mi ò yẹ ọkàn wọn wò. Ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Àlàbá wò ó bí ẹni tí kò gbédè. Ó wo Olújìmí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ti ṣí fìlà. Ó fa bẹ́ǹṣì kan sún mọ́ wọn.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Ìyá Ruth wà nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n, kí ẹ tún un sọ kí wọ́n gbọ́."