Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà Ò Kan Ilẹ̀

Irọ́ méjì ni mo pa fún ìyá àgbà mi, Ña Sinforiana, kó tó gbà láti bá wa lọ wo dáàmù Itaipú. Mo ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára fún oríkèé ara. Mo sì ní a ò ní kọjá ìdajì tó jẹ́ ti Paraguay, nítorí àwa àti Brasil la jọ ni dáàmù náà, odò Paraná ló sì wà láàárín wa. Èyí tó ṣe kókó nínú irọ́ méjèèjì ni ti ẹ̀yìn yìí.

Ọ̀rọ̀ Brasil kì í ṣe kékeré nílé wa. Nígbà tí ìyá Ìyá àgbà kú, ẹ̀gbọ́n Ìyá àgbà kan ṣoṣo, Ña Obdulia, tó fẹ́ ará Brasil tó sì ń gbé lọ́hùn-ún, gbé ayékòótọ́ olóògbé sínú agbọ̀n, ó fi aṣọ bò ó, ó bá afárá kọjá sí Brasil. Ayékòótọ́ yìí ló gba ohùn ìyá wọn. Láràárọ̀ ni í máa ké bí màmá náà ṣe máa ń ké gẹ́lẹ́: "Sinfo, wá jẹun o." Inú bí Ìyá àgbà débi pé ó búra níwájú ère Màríà Wúndíá ti Caacupé pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ilẹ̀ Brasil láé. Nígbà tí Ña Obdulia gbọ́, òun náà búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ Paraguay mọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ìyá àgbà méjì, orí kunkun kan náà.

Èmi àti Jussara, ọmọ ọmọ Ña Obdulia, ò bá wọn ṣe ìjà kankan. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a sì máa ń fi àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, Jussara ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú Ña Obdulia ti ń ṣú, dókítà sì ní kí ó yáa lo ìwọ̀nba tó kù láti wo ohun tó bá wù ú. Jussara bi í pé kí ló fẹ́ wò. Ó ní kò sí. Jussara ní bó ṣe sọ pé kò sí yẹn, òun mọ ẹni tó fẹ́ rí.

Ìdí tí mo fi parọ́ nìyẹn.

Bàbá mi, Ceferino, ló wa ọkọ̀. A ò sọ nǹkan kan fún un, nítorí àṣírí kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mo kéré jù ni mò ń bu tereré, ewé tí à ń fi omi tútù rẹ sínú ìwo mu; omi yìnyín inú fúláàsì ni mo ń dà sórí ewé náà, tí mo ń gbé ìwo yí wọn ká. Ìyá àgbà wọ bàtà dúdú tó fi ń lọ síbi òkú.

"Zuni, ibo gan-an ni Brasil ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láàárín gan-an, Ìyá àgbà. A ò ní débẹ̀."

"Tó o bá parọ́ fún mi, gbogbo ìlú wa Caaguazú ló máa gbọ́."

"Màmá, ta ló fẹ́ parọ́ fún yín?" ni bàbá mi wí. Mo yáa gbé tereré fún un kó lè dákẹ́.

Nígbà tí odò yọ lọ́ọ̀ọ́kán, inú Ìyá àgbà rọ̀ díẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, odò kan wà lẹ́yìn ilé wọn, àmọ́ òun ò mọ bí omi rẹ̀ ṣe tutù tó, pípọ̀n ni wọ́n máa ń pọ̀n òun kọjá. Kò sọ ẹni tó ń pọ̀n ọ́n.

Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò gbé wa gun orí dáàmù. Omi kún ọwọ́ òsì bí òkun, ọ̀gbun ló wà lápá ọ̀tún. Ọmọbìnrin tó ń mú wa yíká gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó ní, "Ẹ kú ewu o, a ti wọ Brasil."

Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ mi. Mo kàn rí i tí bàtà òkú méjèèjì gbéra nílẹ̀, tí wọ́n lọ ti ẹ̀yìn ìjókòó ọkùnrin tó wà níwájú wa.

"Màmá, bàtà yín ń gún mi lẹ́yìn," ni ọkùnrin náà wí.

"Fara dà á, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ sókè títí bọ́ọ̀sì fi yí padà tó sì kọjá àárín sí ìhà tiwa. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún yẹ̀rì rẹ̀ ṣe. "Ìwọ," ó ní, "a máa délé."

Wọ́n mú wa sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn dáàmù. Ibẹ̀ tutù, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni nítorí ẹ̀rọ tó ń yí nísàlẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ilà kan la ilẹ̀ já: ìhín tiwa, ọ̀hún tiwọn. Ibi tí èmi àti Jussara ti ṣàdéhùn láti pàdé nìyẹn. Àwọn àlejò ti Brasil ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, Jussara sì di arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ mú láàárín wọn.

Ìyá àgbà rí i. Ó rìn lọ títí imú bàtà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilà náà, ó dúró. Ña Obdulia náà dé etí ilà, ó na ọrùn.

"Ta nìyẹn?" ó bi Jussara, àmọ́ kò dúró gbọ́ èsì. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. "Bàtà òkú yẹn, èmi ni mo rà á."

"Ẹ rà á, mo sì ń wọ̀ ọ́," ni Ìyá àgbà wí. "Ayékòótọ́ tẹ́ ẹ jí ńkọ́?"

"Mi ò jí i. Mo mú un ni."

"Ẹ fi aṣọ bò ó."

"Òtútù ń mú un."

"Nínú ooru oṣù Kínní?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń mú wa yíká bẹ̀bẹ̀ pé ká máa lọ, àmọ́ ńṣe làwọn èèyàn ń sún mọ́ ilà.

"Mo gbọ́ pé èdè Potogí ló ń sọ báyìí," ni Ìyá àgbà wí.

"Ó ń sọ ọ́. Ó fi ń bú ọkọ ọmọ mi." Ña Obdulia tún ọ̀pá rẹ̀ dì mú. "Àmọ́ tó bá di àárọ̀, ìwọ ló ṣì ń pè. Sinfo, wá jẹun o."

Ìyá àgbà bi í pé, "Ta ló ń dá a lóhùn?"

"Èmi náà ni. Tí wọn ò bá dá a lóhùn, kì í dákẹ́. Mo máa ń ní, 'Mò ń bọ̀, Màmá.' Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń parọ́ fún un."

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Bàbá mi ní, "Màmá, ẹ ṣáà gbé ẹsẹ̀ kan kọjá."

"Ṣé ìwọ lo máa bá mi jíhìn fún Wúndíá?"

"Èmi náà ò lè wá," ni Ña Obdulia wí. "Mo ti búra." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Jussara, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ létí ilà. "Wá. Jẹ́ kí n pọ̀n ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti darúgbó."

"Ìwọ náà ti sanra. Nígbà tá a máa ń dé odò ẹ̀yìn ilé wa, ṣé mo sọ ẹ́ sómi rí?"

Ìyá àgbà wo ẹ̀yìn náà títí. Ó ní, "Zuni, gbé mi nídìí." Ó na ọwọ́ kọjá lórí ilà, ó fi gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn mú. Èmi àti bàbá mi gbé e, Jussara di ìbàdí Ña Obdulia mú, gbogbo wa sì wọ Brasil bí ẹni ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Bàtà òkú ń fì dirodiro. Kò kan ilẹ̀.

Orúnkún Ña Obdulia bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀," ni Ìyá àgbà wí.

"Brasil nibí o."

"Mo mọ̀. Orúnkún yín ń gbọ̀n. Ẹ sọ̀ mí."

A rọra sọ̀ ọ́. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ó dúró. Ña Obdulia yíjú padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ojú àbúrò rẹ̀ sókè sí iná, ó sún mọ́ ọn gan-an, ó wò ó pẹ́.

"O ti hewú," ó ní. "Ìwọ ni wàá dá a lóhùn láàárọ̀ ọ̀la."