Orin Mẹ́ta, Ohùn Kan

Ní ilé kọfí wa lẹ́bàá òkun ní Alẹkisáńdríà, bí olórin bá dé ibi tó dùn, gbogbo ilé á hó pé, "Allah!" Níbẹ̀ ni Wagih olórin ti gbọ́ orin tuntun Sabri, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tóun náà ń kọrin, lórí rédíò. Ibi tí àwọn èèyàn máa ń hó sí nínú orin tirẹ̀ gan-an ni wọ́n hó sí nínú ti Sabri. Ló bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lólè níṣojú gbogbo ilé. Wọn ò kíra wọn mọ́ títí irun àwọn méjèèjì fi funfun.

Hatim, ọmọ ẹ̀gbọ́n Wagih, kì í rí àdììtú kó sùn. Ó wá ohùn orin yẹn kiri nínú àwo orin àtijọ́, ó sì bá a lẹ́nu obìnrin ará Tọ́kì kan tó ti kú kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì.

Wagih gbọ́ ọ. Tíì tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta tún lolè yìí?"

"Bàbá, òkú kì í jalè. Ohùn Bayati, ọ̀nà orin àtijọ́ tó jẹ́ ti gbogbo olórin, lẹ̀yin méjèèjì àtòun fi kọrin. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn, àtẹ̀gùn kan náà ni yóò gbà sọ̀kalẹ̀."

Wagih gbé ife tíì sílẹ̀, ó nawọ́ sí ohun èlò orin olókùn rẹ̀. "Gbé úùdù mi. Ká lọ bá Sabri."

Sabri fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Háà! Ọlọ́pàá orin! Kí ni mo tún jí?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbọ́ èyí ná."

Hatim tan orin obìnrin ará Tọ́kì náà, ó sì sọ bó ṣe pẹ́ tó. Sabri gbọ́ ọ dópin, ó bú sẹ́rìn-ín. "Obìnrin yìí mà láyà o! Ó jí tiwa kí wọ́n tó bí wa."

Wagih náà rẹ́rìn-ín, ó na úùdù sí i. "Ó yá, ta á fún wa."

"Mo ti pa á tì, Wagih. Látọjọ́ tó o ti pè mí lólè, ohùn tó bá ti sọ sí mi lórí, màá bi í pé, 'Ta ló ni ẹ́?' Kò séyìí tó dáhùn."

"Èmi ni mo fà á. Foríjì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Gbé e wá, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn."

Sabri gbé e lé itan, ó tẹ okùn kan. Kíá ló fa ọwọ́ kúrò, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wagih di ọwọ́ náà mú. Ó ń fi ìka tirẹ̀ tó ti yigbì wá ibi tí okùn úùdù máa ń mú le lórí ìka ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ti rọ̀.